Èsì: Fọ́tò ìyàwó lábẹ́ igi tó ṣókùnkùn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní fọ́tò tọkọtaya tí ẹ yà lábẹ́ igi ní Agodi Gardens ṣókùnkùn, tí ojú wọn sì dà bí ewé. Ewé ló fà á lóòótọ́: ìmọ́lẹ̀ tó bá gba àárín ewé kọjá máa ń gbé àwọ̀ ewé wá sára èèyàn. ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ tó) nìkan ò lè wo ìyẹn sàn.

Ẹ yọ fláàṣì kúrò lórí kámẹ́rà, ẹ gbé e sórí sítáǹdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú agbòjò funfun tí wọ́n fi ń mú ìmọ́lẹ̀ fláàṣì rọ̀, kó ga ju orí wọn lọ díẹ̀. Àmọ́ bí gèlè bá fẹ̀, ẹ rẹ fláàṣì sílẹ̀ o! Òjìji gèlè á bo ìyàwó dé imú. Odidi ọjọ́ kan ni mo fi jìyà ẹ̀ rí.

Èmi máa ń kọ́kọ́ pa fláàṣì, màá bẹ̀rẹ̀ láti f/2.8 (bí ojú lẹ́ńsì ṣe ṣí tó), 1/125 (ìdá ìṣẹ́jú àáyá tí kámẹ́rà fi ṣí), ISO 800, màá máa yí wọn títí igbó ẹ̀yìn wọn á fi hàn bí mo ṣe fẹ́. Ìgbà yẹn ni mo tó tan fláàṣì, díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá ṣì dúdú, ẹ lọ sí 1/60, kí wọ́n ṣáà dúró jẹ́ẹ́. Ojú wọn ò ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà, torí fláàṣì ló ń tan ojú.

Léèsì funfun lẹ máa ṣọ́. Ó yá jóná, ìyẹn ni pé á funfun jù nínú fọ́tò débi tí iṣẹ́ ara ẹ̀ ò ní hàn mọ́.