Àfòmọ́, aràn àti sòbìà: ojú ọ̀nà ni kí ẹ ti dè wọ́n

Àbúrò wa kan tó ń sin ewúrẹ́ béèrè pé kí ló dé tí àwọn ẹran òun ń jẹun dáadáa ṣùgbọ́n tí wọ́n ń rù, tí nǹkan bí àpò omi sì wú lábẹ́ àgbọ̀n méjì nínú wọn. Ó ní igi ọsàn àti obì ẹ̀yìnkùlé òun náà ń kú láti orí wá, bẹ́ẹ̀ àfòmọ́ tó wà lára wọn tutù yọ̀yọ̀. Aládùúgbò rẹ̀ ti sọ fún un pé ọwọ́ ayé ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ayé sílẹ̀ ná. Méjèèjì ló ti ṣe mí rí. Ẹ̀kẹta wọn, tí ẹ ò dárúkọ, ti ṣe mí kí n tó ní ewúrẹ́ kankan, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló là mí lójú sí àwọn méjì yòókù.

Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni mo gbé ní kékeré, lábúlé kan nítòsí Ìdèrè, ní Ìbàràpá. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí sòbìà mú mi lẹ́sẹ̀. Ó kọ́kọ́ ta ìléròrò sí mi lọ́rùn ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá ń jó bí ẹni pé wọ́n gbé ẹyín iná lé e. Kí ni ọmọdé máa ṣe? Mo sáré ki ẹsẹ̀ bọ odò, ara sì tù mí. Ìyá àgbà pariwo lé mi lórí pé kí n yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú omi tí gbogbo ilé ń mu, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Omi tí mo kẹsẹ̀ bọ̀ yẹn ni aràn náà ń wá. Bí ẹsẹ̀ bá ti kan omi, á tú àwọn ọmọ rẹ̀ síbẹ̀. Kòkòrò omi wínníwínní kan á gbé wọn mì, ẹni tó bá bu omi náà mu á gbé kòkòrò mì, nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà ni aràn tó lè gùn tó mítà kan á wá yọ lára onítọ̀hún. Láàárín ìgbà yẹn, kò ní fura rárá. Mo rò pé èmi ni mo sá lọ sódò. Sòbìà ló rán mi níṣẹ́, iná yẹn ló sì fi lé mi débẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fa aràn náà jáde, tí wọ́n ń wé e mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ lójoojúmọ́. Tèmi já sínú. Ẹsẹ̀ wú, ó sì kẹ̀, odindi sáà kan ni mi ò fi lọ sílé ìwé. Àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Títí di òní, kò sí oògùn kankan tó ń pa sòbìà nínú ara. Síbẹ̀, ó ti kúrò ní Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní in kárí orílẹ̀-èdè ní 1988 sí 1989, wọ́n lé ní 650,000. Ní 2008 ni wọ́n rí ẹni tó ní in kẹ́yìn, ní ìpínlẹ̀ Enugu, nígbà tó sì di 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé ó ti tán. Aṣọ asẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi ni wọ́n fi ṣe é, pẹ̀lú kànga tó dára, oògùn tí wọ́n ń dà sínú adágún omi, àti ṣíṣọ́ àwọn tó ní in kí wọ́n má bàa wọ odò. Wọn ò bá a jà nínú ara. Ojú ọ̀nà, láàárín ẹsẹ̀ ẹnìkan àti ẹnu ẹlòmíràn, ni wọ́n ti lọ dè é.

Ó yẹ kí n ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ra ewúrẹ́. N ò mọ̀ ọ́n. Mẹ́fà kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ìgbà òjò kan ṣoṣo. Dókítà ẹran la ọ̀kan, ó ṣí ikùn kẹrin, èyí tó wà lẹ́yìn ṣàkì, ó ní kí n wò ó. Aràn kún inú rẹ̀, wọ́n tín-ín-rín, pupa àti funfun lọ́ mọ́ra bí òwú aláwọ̀ méjì. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń mu. Díẹ̀ ni ẹyọ kan ń mu lóòjọ́, bí ìdá kan nínú ogún mílílítà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pé ẹgbẹ̀rún, àádọ́ta mílílítà nìyẹn lójoojúmọ́, lára ewúrẹ́ wa kúkurú yìí. Èyí tó jẹ́ abo lè yé ẹyin tó lé ní 5,000 lóòjọ́.

Aràn yìí náà ló fa àpò omi abẹ́ àgbọ̀n. Ohun tó ń di omi mú nínú ẹ̀jẹ̀ ti bá ẹ̀jẹ̀ lọ, omi wá ń jò jáde sínú ẹran ara, ó sì ń ṣàn lọ síbi tó rẹlẹ̀ nígbà tí ẹran bá dorí kodò tó ń jẹko. Irú aràn yìí kì í sábà mú ẹran ṣu gbuuru, ìdí nìyẹn tó fi ń tan èèyàn. Ìgbẹ́ ẹran ń jáde kóró kóró, ó ń jẹun, ẹni tó ni ín sì ń yọ̀.

Ẹ̀bi mi rèé. Mo ra oògùn aràn lọ́jà, mo ń fojú díwọ̀n rẹ̀, mo ń fún gbogbo wọn lóṣooṣù, n ó sì tú wọn padà sí pápá kan náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Bí oògùn ò bá tó, aràn tó lágbára jù ló ń ṣẹ́ kù, àwọn ló sì máa bímọ. Ìwọ̀n àgùntàn gan-an kì í sábà tó ewúrẹ́, torí ara ewúrẹ́ tètè máa ń da oògùn nù. Ẹ béèrè ìwọ̀n lọ́wọ́ dókítà ẹran, kí ẹ sì sọ èyí tó lóyún fún un, torí kì í ṣe gbogbo oògùn ló bá aboyún mu.

Oògùn nìkan kọ́ ló gbà mí. Inú ìgbẹ́ ni ẹyin ti ń pa. Nígbà òjò, bí ọ̀sẹ̀ kan ti tó kí ọmọ aràn gun koríko lórí ìrì, ìsàlẹ̀ koríko ló sì ń pọ̀ sí jù. Mi ò tú ẹran mọ́ títí ìrì á fi gbẹ. Mi ò jẹ́ kí wọ́n jẹ pápá kan kanlẹ̀. Ewé ìyeyè àti ọ̀dán ni mò ń so sókè fún wọn, pẹ̀lú èèpo iṣu.

Ó ku àfòmọ́. Àwọn àgbà ní àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Ewé tirẹ̀ tutù, ó ń fi oòrùn se oúnjẹ ara rẹ̀. Omi àti iyọ̀ ilẹ̀ ló ń jí lára igi. Ó máa ń fa omi kọjá bó ṣe yẹ, kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí igi fúnra rẹ̀ ń ṣọ́ omi ná. Bí ẹ̀ka tó kọjá ibi tó dì mọ́ ṣe ń gbẹ nìyẹn, tí òun sì ń tutù.

Mo fi ọwọ́ já a lọ́dún àkọ́kọ́. Ó tún hù. Lọ́dún kejì mo fi í sílẹ̀ títí ó fi so, torí obìnrin kan tó ń ta ewé lọ́jà ń rà á lọ́wọ́ mi. Owó kékeré yẹn ná mi ní igi obì mẹ́ta. Èso rẹ̀ ń lẹ̀ bí oje. Ẹyẹ á jẹ ẹ́, á fi ẹnu nu kóró rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka mìíràn, ó parí. Ẹ gé ẹ̀ka náà fúnra rẹ̀, bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí ìsàlẹ̀ ibi tí àfòmọ́ dì mọ́, kó tó so. Bó bá jẹ́ ara ìtì igi ló wà, ẹ gé e, kí ẹ máa padà lọ gé e. Kí ẹ sì gbójú sókè wo igi aládùúgbò yín tó ní ayé ni. Bí àfòmọ́ bá wà lórí tirẹ̀, ọgbà rẹ̀ ni ẹyẹ ti ń gbé ayé náà wá.

Ní ti ewúrẹ́, ẹ fa ìpéǹpéjú ọ̀kọ̀ọ̀kan wálẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, nínú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo inú rẹ̀. Tó bá pupa, ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá funfun bí ẹ̀kọ, òun ló nílò oògùn. Ṣùgbọ́n àwọn méjì tí abẹ́ àgbọ̀n wọn wú yẹn, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ pe dókítà ẹran wá bá wọn nílé, ẹ má dà wọ́n lọ bá a. Tèmi kan tí mo dà lọ báyìí, ojú ọ̀nà ló kú sí.