Ẹ Bi Mọ́mì Tíṣà: Oṣù mẹ́fà nílé, kí la fẹ́ ṣe fáwọn ọmọ báyìí?

Ẹ kú ọ̀sẹ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Àtìgbà tí wọ́n ti ṣílẹ̀kùn ilé ìwé fún gbogbo kíláàsì nínú oṣù Kẹsàn-án 2020 ni lẹ́tà yín ti ń wọlé lọ́tùn-ún lósì, mo sì mọ ìdí ẹ̀. Oṣù Kẹta 2020 ni wọ́n ní kí gbogbo ọmọ máa lọ sílé nítorí kòrónà. Nígbà tó di oṣù Keje, àwọn Primary 6, JSS3 àti SS3 nìkan ni wọ́n pè padà torí ìdánwò, àwọn tó kù ṣì jókòó sílé títí di September. Ẹ kà á lórí ìka yín, oṣù mẹ́fà. Ọmọ tẹ́ ẹ rán lọ sílé ìwé l'oṣù Kẹta kọ́ lẹ rán padà yìí o, ó ti ga sí i, ó ti mọ nǹkan mìíràn, ó sì ti gbàgbé nǹkan. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ata ni mò ń tà lọ́jà Bódìjà. Ọmọ mi obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Nígbà tí ilé ìwé wà ní títì, èmi àti ẹ̀ la jọ ń lọ sọ́jà lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìgbà tí kónílé-ó-gbélé rọlẹ̀, kódà ó mọ ṣẹ́ńjì í kà ju èmi lọ. Wọ́n ní kó bọ́ sí JSS2 láì ṣe ìdánwò sáà kẹta. Àmọ́ látìgbà tí wọ́n ti wọlé, ẹkún ni lójoojúmọ́. Tíṣà ní kó dìde kàwé Gẹ̀ẹ́sì, kò lè kà á já, ni àwọn ọmọ kíláàsì bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ti ní òun ò lọ mọ́, pé òun á máa bá mi ta ata. Bàbá ẹ̀ ti nà án lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣé orí ẹ̀ ti kú ni mà? (Ìyá aláta, Bódìjà)

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Orí ẹ̀ ò kú rárá. Ọmọ tó lè dúró láàárín èrò Bódìjà, kó ta ata oríṣi mẹ́ta fún oníbàárà mẹ́ta, kó sì fún kálukú ní ṣẹ́ńjì ẹ̀ láì ṣì í, ṣé ọmọ tórí ẹ̀ kú nìyẹn? Ẹ bá mi sọ fún bàbá ẹ̀ kí wọ́n jọ̀ọ́ gbé pàṣán yẹn sílẹ̀. Ojú ló ń ti ọmọ yẹn, ẹgba ò sì lè lé ìtìjú kúrò lára ọmọ, ṣe ló máa kì í mọ́ ọn lára.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò pé ó ṣẹlẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ni nílùú Ìbàdàn yìí, gbogbo September tá a bá ti ìsinmi gígùn dé, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ la fi ń rán àwọn ọmọ létí ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré sì ni ìsinmi yẹn o. Èyí wá jẹ́ oṣù mẹ́fà gbáko. Ó tún kù, gbogbo sáà kẹta JSS1 ni wọn ò kọ́ wọn, ìwé JSS2 tí wọ́n gbé síwájú ẹ̀ wá ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ti kọ́ ọ. Lóòótọ́, wọ́n ṣe ẹ̀kọ́ lórí ríídíò àti tẹlifíṣàn nígbà yẹn, mo mọ̀, mo tẹ́tí sí i, ó dáa. Àmọ́ ta ló fẹ́ tan ríídíò láàárọ̀ nígbà tí ata ń bàjẹ́ lọ́jà, mélòó nínú wa ló sì ní iná? Ẹ ò ṣẹ̀, ọmọ náà ò ṣẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, ẹ lọ rí tíṣà yẹn. Ẹ má bínú lọ o. Ẹ kàn sọ fún un pé ọmọ yín ń tiraka nílé, pé kó bá yín dáwọ́ pípè é dìde níwájú gbogbo kíláàsì dúró fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kó máa gbọ́ ìwé kíkà ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì bí wọ́n bá jáde fún oúnjẹ ọ̀sán. Tíṣà tó bá jẹ́ tíṣà máa gbà, torí òun náà mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ yín nìkan, àwọn tó rẹ́rìn-ín yẹn gan-an, ó pọ̀ nínú wọn tí ò lè kà á, wọ́n kàn dúpẹ́ pé wọn ò pe àwọn ni.

Nílé, ẹ má fi ìwé JSS2 bẹ̀rẹ̀. Yorùbá ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa ka ìwé Yorùbá sí yín létí lálẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó, nígbà tẹ́ ẹ̀ ń se ọbẹ̀ tàbí tẹ́ ẹ̀ ń ṣa ata tọ̀la. Ẹ̀yin lè máa rò pé kí ni ti Yorùbá nínú wàhálà Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ wọn ní gbogbo nǹkan fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì kàn jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ yẹn ò kẹ́yìn o, wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀. Ọmọ tó bá ti rántí pé òun lè kàwé, ìbẹ̀rù ẹ̀ á lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ yá ìwé Gẹ̀ẹ́sì Primary 5 lọ́wọ́ ọmọ aládùúgbò, kó máa ka ojú ewé kan ṣoṣo lálẹ́. Bó bá já gaara, ẹ bọ́ sí Primary 6. Ẹ ra ìwé kékeré kan fún un náà, kó máa kọ ohun tẹ́ ẹ tà àti èrè yín sínú ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, èyí tó mọ̀ ọ́n ṣe ló máa fi gun èyí tí ò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tó kù, ó le díẹ̀, ẹ má bínú sí mi. Oṣù mẹ́fà yẹn, ọmọ yín rí i pé òun wúlò. Owó ń wọlé, ẹ̀ ń yìn ín, àwọn oníbàárà mọ orúkọ ẹ̀. Ó wá padà sílé ìwé, ó di ẹni tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Èwo lẹ rò pó máa wù ú? Bó bá tún gbọ́ tẹ́ ẹ̀ ń ráhùn nílé pé ọjà ò yá mọ́ látìgbà tó ti lọ, ó máa rò pé òun lòun ń fa ebi wá fún ilé. Ẹ pè é jókòó, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ dáadáa fún iṣẹ́ tó bá yín ṣe, kẹ́ ẹ wá fẹnu ara yín sọ fún un pé ẹ̀yin á bójú tó ọjà, pé Sátidé nìkan lẹ nílò ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìbòmú mélòó ni ọmọ kan nílò, ṣé dandan sì ni sánítaísà tí ilé ìwé ní ká máa rà? Ó wọ́n. (Ìyá ìbejì, Mọ́nátàn)

Ìdáhùn: Ìbòmú aláṣọ méjì fún ọmọ kan ti tó, kó lo ọ̀kan, kẹ́ ẹ fọ èkejì pẹ̀lú ọṣẹ lálẹ́ kẹ́ ẹ sá a gbẹ. Kí wọ́n má pààrọ̀ tara wọn lọ́nà ilé ìwé, àwọn ìbejì ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù! Omi àti ọṣẹ ń ṣe iṣẹ́ náà dáadáa bí wọ́n bá fi ogún ìṣẹ́jú-àáyá fọ ọwọ́, sánítaísà wà fún ibi tí ò bá sí omi ni. Ẹ bá wọn sọ ọ́ ní ìpàdé òbí. Bí ẹ bá sì máa rà á, ẹ wo ara ike ẹ̀, ọtí inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ owó yín ṣègbé.

Ìbéèrè: Ẹ káalẹ́ mà. Ọmọkùnrin mi wà ní SS1. Ilé ìwé ẹ̀ ṣe kíláàsì lórí WhatsApp nígbà tí gbogbo nǹkan tì, ìyẹn ló jẹ́ kí n ra fóònù fún un. Ní báyìí aago méjì òru ló máa ń sùn, àárọ̀ a di ogun kó tó dìde, wọ́n sì ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta pé ó ń sùn ní kíláàsì. Mo fẹ́ gba fóònù yẹn kí n tà á. (Bàbá kan, Àkóbọ̀)

Ìdáhùn: Dádì, ẹ má tà á. Inú fóònù yẹn ni gbogbo ọ̀rẹ́ ẹ̀ gbé fún oṣù mẹ́fà, bẹ́ ẹ bá já a gbà lójijì, bí ẹni lé e kúrò nílùú ni. Ọmọ ọjọ́ orí ẹ̀ nílò oorun wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá lálẹ́, bó bá sun aago méjì tó dìde ní mẹ́fà, wákàtí mẹ́rin nìyẹn, kò sí ọmọ tí ò ní sùn ní kíláàsì, àgbà gan-an á sùn.

Ara ẹ̀ ti mọ́ aago méjì, kò lè sùn ní mẹ́sàn-án lálẹ́ òní kan náà bẹ́ ẹ tiẹ̀ pa gbogbo iná. Ẹ máa fà á padà díẹ̀díẹ̀, ìdajì wákàtí ní ọjọ́ méjì méjì, títí tó fi máa dé aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Àmọ́ àárọ̀ ni kókó ẹ̀ o. Aago kan náà ni kó máa jí, Sátidé ńkọ́, bẹ́ẹ̀ ni, Sọ́ńdè náà, kó sì jáde síta kí oòrùn àárọ̀ kàn án, kó gbálẹ̀ tàbí kó pọnmi. Bí ẹ bá jẹ́ kó sùn di ọ̀sán lópin ọ̀sẹ̀, gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti ṣe láti Mọ́ńdè ti dà nù. Kí fóònù ẹ̀ máa sùn nínú yàrá yín, pẹ̀lú tiyín àti ti ìyá ẹ̀, ẹ kó o sórí tábìlì kan náà lójú ẹ̀. Bó bá rí i pé fóònù dádì ṣì ń tàn lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì ní aago méjìlá, kò ní gbọ́ nǹkan kan tẹ́ ẹ bá sọ.

Ìbéèrè: Mọ́mì, tíṣà ni mí nílé ìwé aládàáni kan ní apá Ojóò. Láti oṣù Kẹrin títí di August, wọn ò san kọ́bọ̀ fún wa. Àkàrà ni mo dín jẹun, èmi àtàwọn ọmọ mi. Wọ́n ti pè wá padà, ọ̀gá ò sọ nǹkan kan nípa owó ẹ̀yìn. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé mo ti di oníbìínú, mo máa ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ, bí mo bá délé màá sì sunkún. Mi ò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. (Tíṣà tó rẹ̀)

Ìdáhùn: Ọmọ mi, mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, omi bọ́ lójú mi. Gbogbo èèyàn ń béèrè báwọn ọmọ ṣe ń ṣe sí, kò sẹ́ni tó bi tíṣà. O fi iyì dín àkàrà, ojú ò gbọdọ̀ tì ẹ́, má sì tíì dá a dúró. Bó bá ṣeé dín ní ìrọ̀lẹ́ tàbí lọ́jọ́ Sátidé, máa bá a lọ títí owó oṣù á fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta tẹ̀lé ara wọn.

Ní ti ọ̀gá rẹ, owó ilé ìwé táwọn òbí ń san ni wọ́n fi ń san owó tíṣà, kò sì sí òbí tó máa san owó sáà kẹta tí ò wáyé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lóòótọ́ ni ọwọ́ ẹ̀ gbẹ. Àmọ́ ìyẹn ò ní kó dákẹ́. Má dá lọ bá a, ẹ̀yin tíṣà mẹ́rin márùn-ún ni kẹ́ ẹ jọ lọ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kẹ́ ẹ ní ẹ kò wá jà, ẹ kàn fẹ́ mọ ohun tó lè san àti ìgbà tó lè san án, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdajì tí wọ́n kọ sórí ìwé dáa ju odindi tí wọ́n fẹnu ṣèlérí.

Ní ti ìbínú yẹn, ìwọ náà ti oṣù mẹ́fà ọ̀hún bọ̀ ni. Gbìyànjú èyí wò: ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ láàárọ̀, má kọ́ wọn ní nǹkan kan. Jẹ́ kí ọmọ kan sọ ohun tó ṣe nígbà tí gbogbo wa wà nílé, kí àwọn tó kù gbọ́, ọ̀la á kan ẹlòmíì. Wàá gbọ́ ọ̀rọ̀ o. Wàá gbọ́ ẹni tí bàbá ẹ̀ pàdánù iṣẹ́, ẹni tí ìyá àgbà ẹ̀ kú. Ó ṣòro kéèyàn jágbe mọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ irú ẹ̀. Bọ́jọ́ bá sì kàn ẹ́, sọ tìẹ náà, sọ fún wọn pé o dín àkàrà.

Ìbéèrè: Ẹ kúùrọ̀lẹ́ mà. Yunifásítì ìjọba ni mo wà, 300 level. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì láti oṣù Kẹta 2020, àbúrò mi ti padà sí sẹ́kọ́ńdírì, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní yunifásítì aládàáni ti ń kàwé lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èmi ṣì wà nílé. Mo ti ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Àgbowó, mo sì ti ń mọ̀ ọ́n. Ṣé kí n kúkú gbájú mọ́ ọn? (Akẹ́kọ̀ọ́ tí ò mọ èyí tó kàn)

Ìdáhùn: Ó dùn mí fún ẹ, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ IPPIS, ìyẹn ètò tí ìjọba àpapọ̀ fi ń san owó oṣù, àti owó tí ìjọba ti bá ASUU fọwọ́ sí láti ọdún 2009 ni wọ́n ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, àmọ́ ọjọ́ orí rẹ ló ń lọ. Má ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀, má sì ju yunifásítì sílẹ̀. Bí wọ́n bá parí ìjà wọn, wọ́n máa sáré pè yín ni, ìdánwò ò sì ní jìnnà, ẹni tí ò tíì ṣí ìwé láti March ni wàhálà máa bá. Fa nóòtù rẹ jáde, wákàtí kan láàárọ̀ kó o tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sọ fún ọ̀gá rẹ ní télọ̀ láti ìsinsìnyí pé ọjọ́ tí wọ́n bá pè yín o máa lọ, wàá sì máa wá lọ́jọ́ Sátidé, kó má lọ rò pé o sá níṣẹ́. Kó o sì bá mi kọ iye tó ò ń gbà rán ìró àti bùbá ránṣẹ́, mo ní àńkárá méjì tó ti wà nínú àpótí látìgbà kónílé-ó-gbélé.