Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Pípọn Bíà Láti Inú Ọkà Pẹ̀lú Ìkòkò Kan àti Àpò Aṣọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Leeds ni mo ń gbé. Omi mọ́ọ̀tì kíki inú agolo, ìyẹn omi ọkà báálì tí wọ́n mú hù, ni mo ti ń fi pọn bíà nílé, ṣùgbọ́n mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti inú ọkà gan-an báyìí. Wọ́n ní mo lè rẹ gbogbo ọkà náà sínú àpò aṣọ kan, kí n má wulẹ̀ ra ìkòkò mẹ́ta. Ìkòkò mi gba lítà 20. Ṣé ó máa ṣeé ṣe? Ṣé mo lè lo aṣọ tí ìyàwó mi fi ń sẹ́ ògì? Ṣé mo lè fi ọkà bàbà kún un? Ṣé òfin ò sì ní mú mi bí mo bá gbé e lọ sóde àwọn ọ̀rẹ́?

ÌDÁHÙN: Ó máa ṣeé ṣe dáadáa, ìkòkò yín sì tó. Àwọn apọntí ilé ní Ọsirélíà ló sọ ọ̀nà alápò yìí di ìlú mọ̀ọ́ká, mi ò sì rí ìdí tí ẹni tó ń pọn lítà 10 fi gbọ́dọ̀ ra ohun èlò ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n àpò kọ́ ló ń ṣe bíà. Ooru omi tí ẹ bá fi rẹ ọkà, láàárín wákàtí kan péré, ló máa sọ bóyá bíà yín á fẹ́lẹ́ tàbí á ki lẹ́nu, bóyá á gbẹ tàbí á dùn. Bí owó bá ṣẹ́kù díẹ̀ lọ́wọ́ yín, tẹmómítà tó péye ni kí ẹ fi rà. Ẹ tì í bọ inú yìnyín tó ń yọ́, ó gbọ́dọ̀ ka òdo. Ẹ tì í bọ omi tó ń hó, ó gbọ́dọ̀ ka 100. Celsius ni gbogbo ìwọ̀n tí mo máa dá.

Ní ti aṣọ asẹ́ ògì, kòkòrò ògì kọ́ ni ìṣòro, torí a ṣì máa se omi náà fún wákàtí kan lẹ́yìn tí àpò bá ti jáde. Agbára aṣọ ni mo ń rò. Ọkà kílò 2.3 tó ti mu omi yóò wúwo tó kílò 4, òmíràn á sì máa kán bí ẹ ti ń gbé e. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè ya, kí gbogbo rẹ̀ sì dà padà sínú ìkòkò. Bí tìyàwó yín bá jẹ́ ti ọ̀rá, tí okùn ìrán rẹ̀ le, tó sì fẹ̀ débi pé ẹ lè fi bo inú ìkòkò kí etí rẹ̀ sì yọ síta, ó dára. Àmọ́ òórùn ògì kì í fi aṣọ sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ẹ kúkú rán tuntun.

Fún lítà 10, ẹ ra mọ́ọ̀tì Maris Otter kílò 2.3, họ́ọ̀pù East Kent Goldings (òdòdó tó ń fún bíà ní kíkorò àti òórùn rẹ̀) giramu 40, àti ìdì kékeré kan ìwúkàrà gbígbẹ ti bíà. Ìwúkàrà búrẹ́dì ò ní ṣe é. Irú ọkà báálì kan ni Maris Otter, láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n sì ti ń gbìn ín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì máa ń fara da àṣìṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ẹ ní kí ẹni tó tà á bá yín fọ́ ọ. Kó má lọ̀ ọ́ kúnná o: kí inú hóró fọ́ sí wẹ́wẹ́, kí èèpo sì ṣì hàn bí èèpo.

Omi lítà 15 ni ẹ máa bù. Ọkà á mu bíi lítà kan àbọ̀, ooru á gbé bíi mẹ́ta lọ, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á gba bí ìdajì lítà, lítà 10 á sì kù. Klorínì inú omi ẹ̀rọ máa ń mú bíà rùn bí oògùn ọsibítù, nítorí náà ẹ fọ́ ìdámẹ́rin hóró Campden kan, oògùn oníhóró tó ń pa klorínì, sí i. Ẹ gbé omi náà dé 70, ẹ pa iná, ẹ tẹ́ àpò sínú ìkòkò, kí ẹ wá máa da ọkà sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó. Ẹ rò ó dáadáa, torí ọkà tó bá ṣù jọ, gbígbẹ ni inú rẹ̀ máa wà títí ẹ ó fi ṣe tán. Ọkà tútù á fa ooru wálẹ̀ sí nǹkan bí 67, ibẹ̀ gan-an la fẹ́.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 67? Ọkà báálì tí wọ́n rẹ, tí wọ́n jẹ́ kó hù díẹ̀, tí wọ́n wá fi ooru gbẹ ni mọ́ọ̀tì. Híhù yẹn ló ń pèsè ensáìmù, èyí tó ń gé sítáàṣì di ṣúgà. Méjì ló kàn wá. Ọ̀kan fẹ́ràn 60 sí 65, ṣúgà tí ìwúkàrà lè jẹ tán ló sì ń ṣe. Ìkejì fẹ́ràn 68 sí 72, òun sì máa ń fi ṣúgà tí ìwúkàrà ò lè jẹ sílẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kí bíà ki lẹ́nu. Ní 67, àwọn méjèèjì á jọ ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá jẹ́ kó kọjá 80, ẹ ti pa wọ́n nìyẹn, kò sì sí ohun tó lè jí wọn.

Ẹ dé ìkòkò, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, ẹ fi sílẹ̀ fún ọgọ́ta ìṣẹ́jú. Bó bá rẹlẹ̀ sí 65, kò burú. Bí ẹ bá fẹ́ fi iná sí i, ẹ kọ́kọ́ gbé àpò kúrò nísàlẹ̀ ìkòkò, torí ibi tí aṣọ bá ti kan irin gbígbóná ló ti máa jó.

Lẹ́yìn náà, ẹ fa àpò sókè, ẹ jẹ́ kó kán, kí ẹ fún un. Àwọn kan á ní fífún ń mú bíà korò. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀: omi tó gbóná jù tí wọ́n fi ṣan ọkà léraléra ló ń fa kíkorò èèpo, ẹ̀yin ò sì ní ṣan tiyín rárá.

Ẹ se omi dídùn yìí fún wákàtí kan láì dé e. Ẹ dúró tì í títí á fi hó, torí ìfófòó rẹ̀ máa ń dà sórí sítóòfù lójijì. Bó bá ti hó, ẹ da họ́ọ̀pù giramu 25 sí i. Bó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ da 15 tó kù sí i. Ẹ wá gbé ìkòkò sínú omi tútù nínú báàfù, kí ẹ pààrọ̀ omi náà títí á fi rẹlẹ̀ dé 20. Láti ìgbà tí iná bá ti kú, ohunkóhun tó bá máa kan omi yìí gbọ́dọ̀ ti inú oògùn apakòkòrò àwọn apọntí jáde, títí kan ọwọ́ yín. Ẹ dà á sínú ike onídèérí tó ní ọ̀nà àbájáde fún afẹ́fẹ́, kí ẹ jẹ́ kó ru bó ti ń bọ́ sínú rẹ̀, ẹ wọ́n ìwúkàrà sí i, kí ẹ sì gbé e síbi tí ooru rẹ̀ wà láàárín 18 sí 20.

Háídírómítà, ohun èlò tó ń fi bí omi ṣe ki tó hàn, yóò ka nǹkan bí 1.048 níbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ṣúgà ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Bó bá ti sọ̀kalẹ̀ dé bíi 1.011, tí kò sì yí padà fún ọjọ́ mẹ́ta, ó tó rọ sígò. Agbára rẹ̀ á sún mọ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ má kánjú níbí o. Ìgò tí wọ́n dé kí ìwúkàrà tó jẹun tán lè bú gbàmù. Bó bá ti jẹun tán, ṣúgà giramu 50 péré ni kí ẹ yọ́ sí gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó rọ ọ́, kí ìwúkàrà lè fi ṣe ìwọ̀nba gáàsì tó ń mú bíà hó, kí ẹ sì fi àwọn ìgò náà sílẹ̀ nínú yàrá fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọkà bàbà wá ńkọ́? Inú mi dùn pé ẹ béèrè. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó ọkà báálì wọlé ní 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo ni àwọn ilé ìpọntí ńlá yà sí, ìyẹn sì ni bíà tí ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ mọ̀. Ṣùgbọ́n sítáàṣì rẹ̀ fẹ́ ooru tó ju 70 lọ kó tó tú, ensáìmù ò sì lè gé èyí tí kò tíì tú dáadáa. Ẹ fi giramu 300 rọ́pò mọ́ọ̀tì tó jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kó jẹ́ èyí tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́, torí ìyẹ̀fun á dí ojú àpò. Ẹ bu lítà 2 nínú omi yín, ẹ sè é lọ́tọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bí ẹni ń se ògì bàbà. Omi tó kù, ẹ gbé e dé 65 dípò 70, torí bàbà gbígbóná yẹn á gbé e dé 67 tí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ jẹ́ kí èyí dúró di ìpọn kejì, kí ẹ lè mọ ohun tí bàbà fi kún un.

Ní ti òfin, láti 1963 ni ẹni tó bá ń pọn bíà fún ìlò ara rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ti nílò láísẹ́ǹsì mọ́. Ẹ gbé e lọ sóde, ẹ fi ṣe àwọn ọ̀rẹ́ yín lálejò. Ẹ má ṣáà tà á.