Ṣé lóòótọ́ ni pé ìgbà tí oníjàkadì Hulk Hogan gbé òmìrán oníjàkadì Andre the Giant ṣánlẹ̀ ní WrestleMania III ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa gbé e ṣánlẹ̀?

Rárá o. Ní WrestleMania III, ètò ìjàkadì ńlá (irú èyí tí wọ́n ti ń ṣètò ẹni tó máa borí sílẹ̀) tí wọ́n ṣe ní pápá Pontiac Silverdome, Michigan, Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, 1987, ni wọ́n ti ń tẹnu mọ́ ọn pé ọdún 15 ni Andre fi jà láìpàdánù, kò sì sẹ́ni tó gbé e ṣánlẹ̀ rí. Irọ́ ìpolówó ọjà ni. Hogan kan náà ti gbé e ṣánlẹ̀ ní Shea Stadium, New York, lọ́dún 1980. Ní oṣù Kẹfà 1986, oníjàkadì ará Japan, Antonio Inoki, ká a lápá mọ́lẹ̀ ní Japan títí ó fi juwọ́ sílẹ̀.

Ẹ má gba iye èrò tí wọ́n ní ó wá wòran ní WrestleMania III gbọ́ wẹ́rẹ́. Wọ́n kéde 93,173. Oníròyìn ìjàkadì Dave Meltzer ní nǹkan bí 78,000 ni.

Tí ẹ bá tún wo ìjà Hogan àti Andre náà, Andre ni kí ẹ tẹjú mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Hogan gbìyànjú láti gbé e, ó wó lulẹ̀, Andre sì bọ́ lù ú. Ìgbésẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ń pèsè ọkàn wa sílẹ̀ de ìgbésókè tó ń bọ̀ níparí. Lẹ́yìn náà Andre wa Hogan mọ́ra pinpin fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀yìn ń dun Andre gan-an nígbà yẹn, ìdìmọ́ra yìí sì ń fún un ní ìsinmi. Ẹni tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbé bí òun fúnra rẹ̀ kò bá gbà. Lójú tèmi, Andre ló ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù lọ́jọ́ náà.