Ẹ má tíì ra pọ́ǹpù tuntun

Ẹ̀gbọ́n mi tó kọ̀wé láti Iléṣà, mo ka ọ̀rọ̀ yín, inú ń bí mi bí mo ṣe ń kà á. Ẹ ní ẹ̀rọ tó ń dá bu omi kún táǹkì ẹja yín kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dúró, pé ẹ jí bá omi nílẹ̀ pálọ̀, ọ̀gá tó so ó fún yín sì ní kí ẹ lọ ra pọ́ǹpù míì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó yín sápò ná.

Nígbà tí omi bá ń dà lọ́wọ́, ẹ yọ pọ́ǹpù náà kúrò lára iná kí ẹ sì wò ó. Bí omi bá dúró, ẹ lọ yẹ fulótì wò, ìyẹn nǹkan tó ń léfòó lójú omi táǹkì tó ń pa pọ́ǹpù bí omi bá ti kún. Bí kò bá dúró, ọ̀rọ̀ ò kan pọ́ǹpù rárá, omi ló ń fa ara rẹ̀. Bí a ṣe ń fi rọ́bà fa bẹntiróòlù nínú táǹkì mọ́tò náà ni. Ẹ fẹnu fà á lẹ́ẹ̀kan, ó ń bọ̀ nìyẹn, àfi tí ẹ bá gbé ẹnu rọ́bà sókè tàbí tí epo bá tán. Pọ́ǹpù yín ló bá yín fẹnu fà á. Tí omi bá ti kún inú rọ́bà, pọ́ǹpù ì báà kú, níwọ̀n ìgbà tí omi inú kẹ́ẹ̀gì tí pọ́ǹpù ti ń fa omi bá ṣì ga ju ti táǹkì lọ, wíwá ni yóò máa wá.

Tèmi ní Lágeré, ní Ifẹ̀ níbí, ọ̀gá tó wá so ó ló gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní kó má baà gba àyè nílẹ̀. Ó wá ti ẹnu rọ́bà bọ inú omi táǹkì, ó ní kó má baà máa pariwo. Lóru ọjọ́ kan mo dìde pé kí n lọ tọ̀, ẹsẹ̀ mi kan omi. Kápẹ́ẹ̀tì ti mumi yó, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí ni omi ń yọ láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n wà nílẹ̀ lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, iná pupa orí rẹ̀ ń ṣẹ́jú, ó ń kùn. Mi ò lè lọ síwájú, mi ò lè padà sẹ́yìn. Ìyàwó mi ló gba ẹ̀yìn lọ pa iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà. Nínú òkùnkùn yẹn, a ṣì ń gbọ́ tí omi ń dà. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, iná ti kú, kí ló wá ń fa omi?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo gbé fún ọ̀gá nígbà tílẹ̀ mọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní iná ṣì máa ń ṣẹ́kù nínú pọ́ǹpù. Ẹ gbọ́ o! Ó ní kí n ra pọ́ǹpù, mo rà á. Ó ní fulótì ni, mo rà á. Nígbà tó yá, ó ní NEPA ni, pé iná wọn kì í dúró sójú kan. NEPA ní ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn lọ́rùn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n NEPA kọ́ ló gbé kẹ́ẹ̀gì sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní kí ẹni tó ta pọ́ǹpù gbà á padà, ó na ọwọ́ sí ohun tí wọ́n kọ sára ògiri, pé ọjà tí wọ́n bá ti tà, wọn kì í gbà á padà. Àwọn tó ń pe ara wọn ní ẹnjinníà yìí, bí ìbéèrè bá ti ẹnu obìnrin jáde, wọn ò ní gbọ́.

Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì yín wá sílẹ̀. Bó bá kún dẹ́nu, kí omi inú rẹ̀ má ga tó ẹnu rọ́bà. Kí ẹnu rọ́bà náà wà lókè omi táǹkì, kó máa dà sílẹ̀ láti òkè, kó má wọ inú omi. Bó bá wọ inú omi, tí kẹ́ẹ̀gì wà nísàlẹ̀, omi táǹkì lè yí padà gba inú pọ́ǹpù wá sínú kẹ́ẹ̀gì, ilẹ̀ náà ló tún ń bọ̀. Bí ẹ ṣe máa so rọ́bà mọ́ ara gíláàsì, ìyẹn ò le.

Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ti pọ̀ jù fún táǹkì inú ilé. Táǹkì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 30, bí omi rẹ̀ bá fi sẹ̀ǹtímítà 1 lọ sílẹ̀, lítà 1.8 péré ni. Bí ẹ bá ń fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà 3 sílẹ̀ lókè, lítà 5.4 ló lè gbà kó tó kún àkúnya. Kẹ́ẹ̀gì òróró lítà 5 tó yín. Bí gbogbo nǹkan bá bàjẹ́, tó da gbogbo ẹ̀ wọlé, kò ní dé orí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ kàn máa ranti rọ omi sí i nígbà ọyẹ́ torí omi máa ń tètè fà nígbà yẹn, pọ́ǹpù tó bá sì ń yí láìsí omi yóò jóná.

Fulótì náà lè há. Ìṣáwùrú kékeré kan tó bá lẹ̀ mọ́ ọn ti tó, tàbí nǹkan aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ yẹn. Ẹ máa fọ̀ ọ́.

Mo fẹ́ gbàgbé: alẹ́ ọjọ́ tí mò ń sọ yẹn, omi ẹ̀rọ ìjọba ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Kúlórínì, oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi, wà nínú rẹ̀. Bó ṣe rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ẹja góòlù mi sá wá sójú omi, wọ́n ń la ẹnu, ilẹ̀ mọ́ bá òkú mélòó kan. Ẹ máa pọn ọ́n sí korobá, kí ẹ ṣí i sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó lò ó. Omi nìkan ló sì máa ń gbẹ o, èròjà inú rẹ̀ kì í bá a lọ. Nǹkan funfun tí ẹ ń rí létí gíláàsì nìyẹn. Torí náà, kíkún nìkan kò tó, ẹ máa bu díẹ̀ dànù kí ẹ fi tuntun rọ́pò.

Ẹ gbé ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n kúrò nílẹ̀ lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ẹ jẹ́ kí wáyà pọ́ǹpù kọ́kọ́ rọ̀ wálẹ̀ kó tó gòkè dé sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi tó bá tẹ̀lé wáyà lè kán sílẹ̀. Bó bá ṣì ń dà lẹ́yìn èyí, ẹ ya fọ́tò ibi tí kẹ́ẹ̀gì àti ẹnu rọ́bà wà, kí n rí i.