Celecoxib, diclofenac àbí ketorolac fún Màmá tí wọ́n pààrọ̀ orúnkún fún?

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá o. Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ náà rìn pẹ́. Ẹ ní wọ́n pààrọ̀ orúnkún fún wọn níbí l'Abuja, pé celecoxib àti paracetamol ni wọ́n kó fún wọn délé, ìrora ò sì tíì lọ tán. Ẹ̀gbọ́n yín wá ní celecoxib ò lágbára, kí ẹ lọ ra diclofenac tàbí ketorolac ní kẹ́míìsì kún un. Ẹ tún fẹnu bà á pé Màmá ń lo lisinopril àti Moduretic fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn ló mú mi jókòó kọ èsì tó gùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra nǹkan kan kún un.

Mo ti lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n fi irin sí egungun itan mi lẹ́yìn jàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Lokoja, nígbà tó sì yá, wọ́n tún pààrọ̀ ìbàdí fún mi. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ diclofenac ni wọ́n ń gún mi ní ìdí láàárọ̀ àti lálẹ́. Nígbà tí mo ń lọ sílé, wọ́n kọ oníhóró rẹ̀ fún mi, wọ́n tún kọ Feldene, oògùn ìrora míì, mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo ní ọgbẹ́ inú. Ìrora rọlẹ̀, n ò ní parọ́. Àmọ́ nígbà tó ṣe, ìgbẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú bí ọ̀dà, ó ń dán, ó ń lẹ̀, òórùn rẹ̀ ò sì jọ ti ìgbẹ́ tí mo mọ̀. Ìyàwó mi ní bóyá oògùn ẹ̀jẹ̀ tí mo ń mu ló fà á, torí òun náà máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú. Ìgbà tí òòyì gbé mi bí mo ṣe fẹ́ fi ọ̀pá dìde ni wọ́n sáré gbé mi padà sí ọsibítù. Inú ló ń ṣẹ̀jẹ̀. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára kí ara tó balẹ̀.

Ọmọ ìyá kan náà ni diclofenac, ibuprofen, Feldene, ketorolac àti celecoxib. Ohun méjì kan wà nínú ara tí àwọn oníṣègùn ń pè ní COX-1 àti COX-2. COX-2 ló máa ń pọ̀ sí i níbi tí wọ́n ti fi abẹ gé wa, òun ló ń mú kó wú, kó gbóná, kó sì máa dunni. COX-1 ní tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ó ń dáàbò bo inú ikùn, ó sì ń bá ẹ̀jẹ̀ dì tí a bá farapa. Àwọn oògùn àtijọ́ ń dí méjèèjì. Celecoxib kì í fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan COX-1, ìdí nìyẹn tí kì í fi í yára dá egbò sínú ikùn bíi tiwọn.

Ní ti agbára, bí a bá lò wọ́n níwọ̀n tó yẹ, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ò tó èyí tí àwọn èèyàn ń pariwo. Fífi ọ̀kan kún èkejì dà bí ìgbà tí ẹni méjì ń ti ilẹ̀kùn kan ṣoṣo: ilẹ̀kùn náà ti tì tẹ́lẹ̀. Ìrora ò ní dín, ewu ló máa lé. Ketorolac lágbára lóòótọ́, ó gbà mí lóru àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kejì, ṣùgbọ́n òun ló tún le jù fún inú. Tí a bá ka abẹ́rẹ́ àti oníhóró rẹ̀ pọ̀, kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 5 lọ. Kì í ṣe oògùn tí èèyàn ń rà ní kẹ́míìsì àdúgbò fún ìyá àgbà.

Ẹ̀rù kíndìnrín ló ń bà mí jù fún Màmá. Gbogbo oògùn ìdílé yìí, títí kan celecoxib, ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí kíndìnrín kù. Lisinopril ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi ń dín ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ nínú kíndìnrín kù, Moduretic sì ń mú kéèyàn máa tọ omi ara dànù. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé lára àgbàlagbà nínú ooru Abuja, tí kò sì mu omi tó, kíndìnrín lè dáṣẹ́ sílẹ̀, potassium inú ẹ̀jẹ̀ lè ga débi tó máa yọ ọkàn lẹ́nu. Bí wọ́n bá ń gbààwẹ̀, ẹ bá wọn sọ ọ́ pé kí wọ́n dá a dúró ná. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá wọ́n ti ṣe E/U/Cr, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, látìgbà iṣẹ́ abẹ, bóyá ó sì fẹ́ kí celecoxib náà tẹ̀ síwájú. Ẹ máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn nílé, torí oògùn wọ̀nyí ń tì í sókè.

Àwọn kan á sọ fún yín pé celecoxib ń pa ọkàn. Vioxx, tó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ni wọ́n kó kúrò lọ́jà lọ́dún 2004 nítorí ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2013, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Yúróòpù sọ pé ewu diclofenac sí ọkàn jọ tàwọn bíi celecoxib. Ẹni tó bá ń sá fún celecoxib lọ bá diclofenac ò sá lọ síbì kankan.

Ẹ tún wo oògùn tí wọ́n fún wọn kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì ní ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ rivaroxaban ni, oògùn ìdílé yìí lórí rẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ya. Bó bá jẹ́ aspirin, ibuprofen lè má jẹ́ kó ṣiṣẹ́.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ nígbà ìbàdí ni celecoxib, omeprazole tó ń dáàbò bo inú ikùn, àti paracetamol tí mo ń fi aago mu, láì dúró de ìrora. Gíráàmù 1 ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, kó má ju 4 lọ lójúmọ́. Màmá lè nílò kó kéré sí i tí wọn ò bá sanra. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fojú tín-ín-rín paracetamol, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀, ìdí nìyẹn tí lílò ó pọ̀ mọ́ celecoxib fi ń ṣàǹfààní. Ẹ fún Màmá ní paracetamol náà ní bíi wákàtí kan kí physio tó dé. Ẹ fi pure water tó ti dì sínú táwẹ́lì, kí ẹ gbé e lé orúnkún fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ má fi ọ̀rá kan awọ ara ní tààrà. Tí AEDC bá mú iná, ẹ ra yìnyín lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta omi tútù.

Ìrora tó kù lẹ́yìn gbogbo èyí, dókítà lè kọ tramadol díẹ̀, oògùn ìrora tó lágbára, fún un. Orúnkún tí wọ́n pààrọ̀ máa ń dunni fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àgàgà lóru. Bí Màmá bá ń ká orúnkún ju tàná lọ, oògùn wọn ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí ìgbẹ́ bá dúdú, tí ìtọ̀ bá dín, tí iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ bá wú tó sì ń ro wọ́n, tàbí tí èémí ò já geere, ẹ má dúró di àárọ̀, ọsibítù ni kí ẹ gbé wọn lọ.

Tí èsì E/U/Cr bá jáde, ẹ jẹ́ ká gbọ́.