Kí ẹ tó tún bomi rin gardenia tí ewé rẹ̀ ń pọ́n

Mo ka ìbéèrè yín pé ìrudi gardenia yín, igi òdòdó funfun tó ń ta sánsán, ń já bọ́ kí ó tó tanná, pé ewé rẹ̀ ń pọ́n, àti pé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá kí ẹ gbé e sínú ìkòkò tó tóbi ju èyí tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ẹ kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ ewé ni mo máa kọ́kọ́ sọ, nítorí ibẹ̀ ni ojú èmi fúnra mi ti rí màbo fún nǹkan bí ọdún méjì.

Gardenia tí mo kọ́kọ́ rà dúdú minimini nígbà tí mo gbé e wálé. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ewé tuntun orí ẹ̀ka rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní àwọ̀ ìyeyè, ṣùgbọ́n àwọn iṣan tó la inú ewé náà kọjá ṣì tutù yọ̀yọ̀, bí ẹni pé ènìyàn fi bírò yà wọ́n síbẹ̀. Mo já ewé kan, mo mú un lọ bá ẹni tó tà á fún mi. Kò tilẹ̀ yí ewé náà padà wò kí ó tó sọ pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, ni mo bá ń bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́. Nígbà tí pípọ́n náà kò dáwọ́ dúró, mo lọ bá òṣìṣẹ́ kan tó jẹ́ pé nítorí ìmọ̀ràn nípa ọ̀gbìn ni wọ́n ṣe ń sanwó oṣù fún un; òun ní tirẹ̀ sọ pé ebi ló ń pa á, kí n fi ajílẹ̀ kún ajílẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Etí ewé gbẹ bí ẹni pé iná jó o, ìdajì ẹ̀ka rẹ̀ kú, nígbà tí mo sì fà á tu, gbòǹgbò rẹ̀ ti rọ̀, ó ti dúdú, ó ń rùn bí omi ìdọ̀tí. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tó bi mí ní ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí wọ́n bi mí, ìyẹn irú omi tí mò ń lò.

Omi mi jẹ́ irú èyí tí ọṣẹ kì í hó dáadáa nínú rẹ̀, tó sì máa ń fi èépá funfun sílẹ̀ nínú ìkòkò tí a fi ń sè é. Ẹfun inú irú omi bẹ́ẹ̀ máa ń mú kíkan ilẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tó kan ni gardenia ń fẹ́, èyí tí pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n kíkan; bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni kíkan ṣe pọ̀ tó) wà láàárín 5.0 sí 6.0. Bí ó bá ti kọjá 6.5, irin lè kún inú ilẹ̀ fọ́fọ́ kí gbòǹgbò má lè fà á, ewé tuntun ló sì máa kọ́kọ́ fi àìtó irin hàn. Ẹ má rò pé ìyàtọ̀ pH 6 sí 7 kéré, nítorí ìlọ́po mẹ́wàá ni 6 fi kan ju 7 lọ. Omi tí mò ń dà nítorí òùngbẹ tí kò sí níbẹ̀ ń kó ẹfun wá sí i, ó tún ń lé afẹ́fẹ́ kúrò nídìí gbòǹgbò, ajílẹ̀ sì wá jó gbòǹgbò tó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Báyìí ni mo ṣe fi ọwọ́ ara mi pa á, lórí ìmọ̀ràn àwọn tó yẹ kí ó mọ̀.

Omi òjò ni mo fi ń bomi rin gardenia kejì tí mo rà. Mo tún fi èròjà irin sí i, ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: irin tí wọ́n so mọ́ EDTA (kẹ́míkà tó ń di irin mú kí gbòǹgbò lè rí i fà) kò wúlò púpọ̀ mọ́ bí pH bá ti kọjá 6.5, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n so mọ́ EDDHA, irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ mìíràn, máa ń ṣiṣẹ́ nínú ilẹ̀ tí kò kan. EDTA ni mo kọ́kọ́ rà, ẹni tó tà á sì ń wò mí níran. Ìyẹ̀fun imí-ọjọ́ náà dára, ṣùgbọ́n ẹ ní sùúrù fún un, torí àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín inú ilẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ásíìdì, ó sì lè gba oṣù mélòó kan. Ẹ má tẹ̀ lé àwọn tó ń da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí sídìí rẹ̀. Kọfí tí a ti sè kò fi bẹ́ẹ̀ kan mọ́, ṣe ló máa di ojú ilẹ̀ pa.

Bí ó bá jẹ́ ewé ìsàlẹ̀ díẹ̀ ló ń pọ́n nígbà tí ewé tuntun ń yọ, ẹ fi í sílẹ̀, ewé àgbà ló ń kúrò lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá sì rí ohun dúdú bí èédú lójú ewé, tó ń ṣí bí ẹ bá fi ọwọ́ nù ún, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta oògùn olówó gọbọi fún yín. Ẹ yí ewé náà padà. Ẹ ó rí eṣinṣin funfun wẹ́wẹ́ tàbí kòkòrò tó dà bí òwú, àwọn ló ń su omi dídùn tí ohun dúdú náà ń hù lé lórí. Omi ọṣẹ tàbí òróró dóńgóyárò ni kí ẹ fọ́n sí abẹ́ ewé ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì tún un ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí wọn yóò fi tán.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé ìrudi gan-an ni ẹ béèrè. Ìyípadà ni gardenia kórìíra. Bí ẹ bá gbé e láti ojú fèrèsé kan sí òmíràn nígbà tó ti rudi, bí ilẹ̀ rẹ̀ bá gbẹ táútáú lónìí tó sì kún fún omi lọ́la, tàbí bí afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti ara ẹ̀rọ amúlétutù tàbí ẹ̀rọ amúlémóoru bá ń fẹ́ lù ú, yóò já ìrudi sílẹ̀. Òru tó tutù díẹ̀, tó wà ní nǹkan bí 15 sí 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ló fi ń rudi dáadáa. Ẹ wá ibì kan tí oòrùn àárọ̀ ti ń tàn sí i, kí ẹ sì fi í síbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gé ẹ̀ka rẹ̀, gbàrà tó bá tanná tán ni kí ẹ gé e, torí bí ẹ bá pẹ́, ìrudi ti àkókò tó ń bọ̀ lẹ ń gé dànù.

Ní ti ìkòkò, kì í ṣe ìsinsìnyí. Ẹ jẹ́ kí ìrudi tó kù tanná tàbí kí ó já tán, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e sínú èyí tó fi díẹ̀ péré fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pẹ̀lú erùpẹ̀ tí wọ́n ṣe fún ohun ọ̀gbìn tó fẹ́ ilẹ̀ kíkan. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ bu omi yín sínú abọ́, ẹ fọ ọwọ́ nínú rẹ̀, kí ẹ sì kọ̀wé sọ fún mi bí ọṣẹ ṣe hó sí.